Èèwọ̀ Tí Kò De Ìdí Ẹlẹ́dẹ̀

"Màmá, ṣé kò rí yín lára ni, kí ẹ máa fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ se oúnjẹ?"

Ìyàwó àlùfáà tuntun ni ó bi Makelesi ní ìbéèrè yìí, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé wọn dé Nukutiri, abúlé wa, láti Suva, olú ìlú. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi etí aṣọ bo imú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òórùn kankan níbẹ̀ ju ti àgbọn tí mo ń fún lọ. Makelesi kò gbójú sókè. Gbágùúdá ni ó ń bó.

"Ìyàwó àlùfáà," ó ní, "ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìgbẹ́ yẹn fi ń ṣàn sínú odò tí àwọn ọmọ ìjọ yín ti ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ń mu ún mọ́ omi. Kò rí ẹnikẹ́ni lára nígbà yẹn. Ìgbà tó di iná ló wá ń rí yín lára?"

Obìnrin náà jẹ nínú gbágùúdá ọjọ́ náà. Ó tún bù kún un.

Èmi ni mo fẹ́ àbúrò ọkọ Makelesi. Òun ni ìyáálé mi, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni a sì ti jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ohun tí mo fojú mi rí ni mo kọ síbí. Makelesi kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Bí ó bá kú, wọ́n á sọ nílé ìjọsìn pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n á sì yin ìgbéraga rẹ̀ ní ìwà tútù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ nígbà tí ó ṣì lè kà á, kí ó sì bá mi jà bí mo bá ṣì í kọ.

Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ẹrẹ̀. Bí òkun bá ti fà, àwọn obìnrin á wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá kaikoso, ẹran inú ìkarahun onílà tí ó máa ń rì sábẹ́ ẹrẹ̀. Kaikoso ni ó rán àwọn ọmọ Nukutiri lọ sí ilé ìwé. Kì í ṣe yaqona, omi gbòǹgbò tí àwọn ọkọ wa máa ń mu títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nígbà kan, ìgbìmọ̀ abúlé pàṣẹ pé kí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ wọ ọgbà. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n kọ́ ọgbà sí? Orí odò ni, láàrin àwọn igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn wà nínú omi iyọ̀, kí òkun lè máa bá wọn fọ̀ ọ́. "Òkun á gbé e lọ," wọ́n ní. Òkun gbé e lọ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun sì ń padà wá, ìyẹn ni ọkùnrin kankan ò rántí.

Ohun kan tó ń yọ̀, tó ní àwọ̀ ewé, bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹrẹ̀. Kaikoso kéré sí i lọ́dọọdún. Egbò ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ wa, inú ń run wọ́n. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Nausori, obìnrin kan gbé òkìtì kaikoso Makelesi sí imú, ó sì jù ú padà sórí àpò. "Ilé ìgbẹ́ lẹ ti kó èyí wá," ó ní. Makelesi kó ẹrù rẹ̀, kò tà á, a sì wọ ọkọ̀ padà sílé. A ṣì tún ń gé igi ẹ̀gbà náà, nítorí pé òun ni igi ìdáná tó gbóná jù. Ojú ìyá Makelesi fọ́ kí ó tó kú. Èéfín ló fọ́ ọ.

Nígbà tí ó gbọ́ pé oko kan wà lójú ọ̀nà Nausori tí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ti di gáàsì ìdáná, ó lọ wò ó. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wọn ògiri rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó bá níbẹ̀ sọ fún un pé bí a bá fi ìgbẹ́ sílẹ̀ lásán, gáàsì inú rẹ̀ á gòkè, á bo ayé bí aṣọ òtútù, ayé á máa gbóná, òkun á sì máa ga sí i.

"Òkun tó ti wọ ibojì ìyá mi lẹ ń sọ yẹn?" Makelesi bi í.

Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwa obìnrin mọ́kànlá ni a gbẹ́ kòtò náà, lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Iliesa, ìbátan ọkọ Makelesi tí ó máa ń bá a ṣàwàdà, wá dúró sí etí kòtò pẹ̀lú sìgá lẹ́nu.

"Ìyàwó wa, ibojì ta ni? Ẹlẹ́dẹ̀ kú ni?"

"Ibojì ẹnu ẹ ni, ọkọ mi. Bó o bá ti dákẹ́, a ó dí i."

"Ẹ gbẹ́ ẹ kó jìn o, ẹnu mi tóbi."

"A ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi pé mọ́kànlá."

A fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, a ṣe orí rẹ̀ rogodo bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé. Ikùn ni a ń pè é. A kó ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lórí odò wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ àti omi tí a fi fọ ọgbà ń gba páìpù wọ inú Ikùn. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Gáàsì ń gba òkè lọ sí ilé ìdáná mẹ́ta, omi dúdú tí kò rùn mọ́ sì ń gba ìsàlẹ̀ jáde lọ sí oko gbágùúdá àti kókò wa. Ó tó ogójì ọjọ́ kí iná tó wá. Búlúù ni, ó kéré bí ahọ́n ọmọ ológbò. Makelesi gbé omi ka iná, ó sì jókòó tì í títí ó fi hó. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọn ò ta á.

Ní ọdún kẹta, ohun tó ń yọ̀ yẹn ti kúrò lórí ẹrẹ̀. Igi ẹ̀gbà tuntun ti ga dé ìbàdí mi. Kaikoso padà. Egbò ẹsẹ̀ àwọn ọmọ jinná. Àwọn ọkùnrin ní òjò ọdún náà ló dára.

Lẹ́yìn náà ni olóyè wa àgbà papòdà, a sì ti ẹrẹ̀ pa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a ó ri òpó kan mọ́ ẹnu odò, a ó so aṣọ mọ́ ọn, èèwọ̀ sì ni kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ títí di ọgọ́rùn-ún òru. Ní ọgọ́rùn-ún òru, a ó ṣí i, tonílé tàlejò á sì jẹ nínú rẹ̀ ní orúkọ olóyè. Inú Makelesi dùn sí èèwọ̀ náà. Olóyè nìkan ni ọkùnrin tó wá kí wa kú iṣẹ́ nígbà tí a ń gbẹ́ kòtò.

"Ọgọ́rùn-ún òru láìsí ọwọ́ kankan," ó sọ fún mi, "wọ́n á sanra o. Àlejò á jẹ ẹ́, wọ́n á máa lá ìka. Ohun tí èmi máa fi sin olóyè nìyẹn. Mi ò ní nǹkan mìíràn."

Àwa ìyàwó ilé ni a jókòó ti òkú. Ẹni tí ó bá ti jókòó tì í kò gbọdọ̀ jáde títí wọ́n á fi gbé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Makelesi gbé imú sókè.

"Kí ni mò ń gbóòórùn yẹn?"

"Òdòdó ni," mo ní.

"Òdòdó kọ́. Bílíìṣì ni."

Iliesa ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kókò léjìká. Makelesi fi ọwọ́ pè é.

"Ọkọ mi, sún mọ́bí. Ta ló ń da bílíìṣì?"

"Ìyàwó wa, òkú wà níwájú yín, bílíìṣì lẹ ń béèrè. Aṣọ òkú lẹ fẹ́ fọ̀ ni?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Ibo ni wọ́n ń dà á sí?"

"Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni. Apenisa ní ibẹ̀ làwọn àlejò máa gbà lọ síbi ìsìnkú, kò gbọdọ̀ rùn. A ti da kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án, ó ku méjì. Ẹ ò bá wá wò ó, ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ti fẹ́ẹ̀ di òyìnbó!"

Apenisa ni olórí abúlé wa.

"Ẹnu páìpù ńkọ́?" Makelesi ní. "Ṣé ẹ dí i?"

"Páìpù wo?"

Makelesi ké. Irú igbe bẹ́ẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, àní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn obìnrin tó kù rò pé olóyè ni ó ń sunkún. Wọ́n gba ẹkún náà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilé sì bú sẹ́kún. Àwọn tó wà níta ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn olóyè tó." Nínú ariwo yẹn ni ó ń pariwo mọ́ Iliesa lójú fèrèsé: "Ẹ dí i! Ẹ sọ fún un pé kó dí i! Ohun tó wà nínú Ikùn yẹn, ẹ̀mí ló ní! Ẹ̀ ń pa á!"

Iliesa sáré lọ. Nígbà tí ó padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Apenisa ní kí òun sọ fún wa pé obìnrin tó jókòó ti òkú kì í pàṣẹ nílé ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní wọ́n ti da méjì tó kù.

Makelesi lè dìde. Mo rí i tí ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ láti dìde. Ṣùgbọ́n orí ẹní olóyè ni ọwọ́ náà bọ́ sí, ó sì jókòó padà. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi jókòó bẹ́ẹ̀, tí ó ń gbóòórùn ohun tí wọ́n ti bà jẹ́.

A sin olóyè. Àwọn àlejò yin ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wa pé ó mọ́. Ní ọ̀la rẹ̀, iná ilé ìdáná di pupa, ó ń jó ṣákaṣàka. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Ohun tó ń jáde nísàlẹ̀ kò dúdú mọ́. Ìgbẹ́ tútù ni, bí ó ṣe wọlé ni ó ń jáde, òórùn rẹ̀ sì burú ju ti àtijọ́ lọ. Kí ni olórí abúlé ṣe? Àlejò ṣì wà nílùú, nítorí náà ó ní kí wọ́n la gọ́tà láti ẹnu Ikùn tààrà sí odò. Gọ́tà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó èèwọ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàrin gọ́tà ìgbẹ́ àti aṣọ olóyè.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé, Makelesi wọlé. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ni àwọn obìnrin máa ń jókòó. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi mu yaqona dé ìgbà kẹta, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

"Ẹ̀yin olórí abúlé, ìbéèrè kan ni mo ní. Èèwọ̀ tí ẹ fi de ẹrẹ̀, ta ló dè?"

"Gbogbo wa," Apenisa ní. "Ìyàwó, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Ó de ọwọ́ mi. Ó de ọwọ́ ọmọ mi. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá mú kaikoso kan, ẹ ó gba ìtanràn. Ìdí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kò dè. Ìdí ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ẹrẹ̀ olóyè láàárọ̀ lálẹ́, ẹ sì la ọ̀nà fún un!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yí i di ikọ́.

"Ẹ rọra," Apenisa ní. "Òórùn ni mo lé kúrò. Ṣé kí àlejò wá máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Imú àlejò lẹ tọ́jú. Ọjọ́ mẹ́rin ni àlejò lò. Àwa tá à ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ iye ọdún tá a fi fọ ẹrẹ̀ yẹn? Ẹ fi ọ̀sán kan bà á jẹ́, ẹ sì ní kí n kọjú sí òkú!"

Àbúrò olóyè, bàbá arúgbó tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ni ó fọhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí a fi eyín àbùùbùtán tọrọ àforíjì. Nílùú wa, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó ju ìyẹn lọ. Ó ní ní ọjọ́ tí a bá ṣí ẹrẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, kí olórí abúlé gbé eyín náà síwájú Makelesi.

"Mo gbọ́," Apenisa ní. "Mo gbà."

Makelesi kò dúró de ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ fi òkúta dí gọ́tà náà pa, ẹnikẹ́ni kò sì tó ẹni tí yóò ṣí i. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n Ikùn. Garawa garawa ni a gbọ́n omi bílíìṣì náà lọ sínú kòtò kan lókè, jìnnà sí odò, a sì da eérú àti ewé gbígbẹ bò ó. Ṣùgbọ́n Ikùn tó ṣófo kò lè dá jí. Ó ní láti rí ohun tó ní ẹ̀mí tí a ó fi jí i, bí ìgbà tí a bá fi omi ògì àná mú ti òní kan. Ìgbẹ́ màlúù tútù ni ó dára jù, ẹni tó sì ní màlúù ni Bisundeo, tí bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Íńdíà wá gé ìrèké. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn àgbà Nukutiri ti gba ìdajì ilẹ̀ tó fi ń dáko padà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbó ti bo ìdajì náà báyìí.

Mo bá Makelesi lọ. Bisundeo ń fún wàrà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa tán.

"Ẹ̀yin ará Nukutiri," ó ní, "ẹ gbalẹ̀, mo dákẹ́. Ìgbẹ́ tó wà lórí èyí tó kù, òun náà lẹ tún wá gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Makelesi ní. "Èmi kọ́ ni mo gbalẹ̀ yín, Bàbá Sunita. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà ti wàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màlúù ń fi ìrù gbá a létí, kò kà á sí.

"Garawa mélòó?"

"Ọgọ́ta."

"Mi ò gbowó. Omi dúdú tí ó ń jáde níbẹ̀, tí ẹ fi ń ṣe kókò yín tó ń tóbi bí orí ọmọ, òun ni mo fẹ́ fún oko ikàn mi. Garawa fún garawa. Nígbà tó bá jí."

"Bí kò bá jí ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹ jẹ mí ní ìgbẹ́ màlúù ọgọ́ta garawa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i." Ìgbà yẹn ni ó tó rẹ́rìn-ín.

Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ ni ó fi gbé e wá. Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́, Iliesa yọ. Ó dúró sí etí Ikùn, ní ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó wa, ẹ gbé garawa yẹn fún mi."

"Kí ló dé? Ẹnu ẹ ti rẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà nínú mọ́kànlá yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e."

Ó gbé e. Òun nìkan ni ọkùnrin tó wá. Títí iṣẹ́ fi parí, kò dá àpárá kankan, èyí sì ba Makelesi lẹ́rù ju bílíìṣì lọ. Ó ní kí n wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn ikú olóyè, iná padà. Makelesi tún gbé omi kaná, ó jókòó tì í bíi ti àkọ́kọ́. Kò sọ pé inú òun dùn. Ó ní, "Ká wo ẹrẹ̀ ná."

A wo ẹrẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún òru. Wọ́n yọ òpó, òkun fà, a sì wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Lápá ọ̀hún, níbi tó jìnnà sí ẹnu odò, kaikoso tóbi, wọ́n wúwo, bí Makelesi ṣe wí. Lápá ibi tí gọ́tà já sí, wọ́n ti là sílẹ̀ funfun lórí ẹrẹ̀, òfìfo, bí eyín ẹni tó kú pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Mo fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n: igba ó lé mẹ́rìnlá ní gígùn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gọ́tà yẹn fi ṣàn. Makelesi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìkarahun òfìfo kún apẹ̀rẹ̀ kan, èyí tó lẹ́ran kún èkejì. Méjèèjì ni ó gbé lọ síbi àsè.

Àlejò jẹ, wọ́n lá ìka. Apenisa dìde sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣọ́ òpó èèwọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹrẹ̀ tó mọ́. Makelesi jókòó lórí ẹní tí ó ti tẹ́ síwájú, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí obìnrin ṣe ń jókòó de eyín àbùùbùtán, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo náà síwájú ara rẹ̀. Apenisa rí i. Mo rí i tí ó rí i. Ó ní kí wọ́n po yaqona sí i.

Àbúrò olóyè kò lè sọ ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́nu.

Gbèsè Bisundeo ti tán. Garawa ọgọ́ta omi dúdú ni a gbé dé oko ikàn rẹ̀, a sì fi mẹ́ta lé e nítorí ilẹ̀ rẹ̀ tí a kò sọ̀rọ̀ lé lórí nígbà tí wọ́n gbà á. Ó ka gbogbo rẹ̀ lójú wa, ó ní, "Ó pé," kò sì kọ mẹ́ta náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò pa igi ìdáná gbogbo abúlé. Ìyàwó Apenisa wá pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wolẹ̀, kò lè wòkè. Makelesi gba ìkòkò lórí rẹ̀, ó gbé e kaná fún un, ó fún un ní ìjókòó.

"Ìwọ ò jẹ mí ní nǹkan kan," ó ní. "Se oúnjẹ ẹ. Bó o bá délé, sọ fún un pé mi ò tíì ká ẹní."

Ẹní náà wà ní títẹ́ nínú yàrá iwájú, apẹ̀rẹ̀ òfìfo wà lórí rẹ̀. Iwájú ilé yìí ni Apenisa ń gbà lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọọjọ́ ìsinmi. Ó máa ń yára níbẹ̀. Àná ni ó tún kọjá.